Ọwọ́ Tí Sikirat Fi Ń Da Òwú

Ẹ má bi mí bóyá mo mọ Sikirat. Èmi Raliat ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀, èmi náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń di ọmú ìyá wa mú. Mo figbe ta. Ìyá wa ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́, pé ọmọ ọwọ́ ò mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ náà mọ ohun tó ń ṣe dáadáa. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún, òsì yẹn náà ló ṣì ń lò.

Bàbá wa, Sàláúdéènì, aránfìlà ni l'Òṣogbo. Nínú ilé wa, tí ọmọdé bá fi òsì na nǹkan sí àgbà, àgbà náà á gba nǹkan ọ̀hún, á sì fi ìfọ́tí san án padà. Wọ́n fi àjákù aṣọ fìlà di ọwọ́ Sikirat mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tú u. Àáfà ilé-kéú nà án ní pàṣán. Ó sunkún, ó sì fi òsì nu ojú rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀tún rẹ̀ rọ o. Ó kàn dà bí àlejò ni, ó jókòó jẹ́ẹ́ lára rẹ̀, kì í bá wọn dá sí iṣẹ́ ilé.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Sikirat ò fi júwe ilé bàbá wa fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀nà. Síbẹ̀, àwọn tó bá wá wò ó fún ìyàwó á jókòó, wọ́n á mu omi tó gbé wá, wọ́n á dúpẹ́, wọn ò sì ní padà wá mọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn nígbà náà: ṣé ọmọ yìí á rí ilé ọkọ wọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un, àbí ó dìgbà tó bá yá ti ẹlòmíì?

Igbóná, àdúgbò kan l'Òṣogbo, ni ilé ọkọ mi wà. Mo ń ta kẹrosíìnì àti gíláàsì fìtílà níwájú ilé, Sikirat sì ń gbé lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Adéjọbí gba ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dojú kọ ìsọ̀ mi. Kì í ṣe dókítà tó ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ìmọ̀ nípa òògùn ló lọ kọ́ ní Jámánì, òtútù ibẹ̀ sì bá a wálé, torí súwẹ́tà ló ń wọ̀ l'Òṣogbo nínú oṣù kẹta. Òògùn aràn àgùntàn àti ti ewúrẹ́ ló ń ṣe. Àwọn kan ní ó ya wèrè. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra kẹrosíìnì.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló ń ṣe nínú ilé yẹn gan-an. Ó ní, "Ìyá Oníkẹrosíìnì, ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì." Mo nà wọ́n. Ó ní ṣé wọ́n jọra? Mo ní wọ́n jọra. Ó ní kí n dojú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé, kí n gbé ọ̀kan lé èkejì. Mo gbé e. Àtàǹpàkò ọ̀kan kọjú sí Ìwó, èkejì kọjú sí Iléṣà.

"Bí òògùn yìí ṣe rí nìyẹn," ó ní. "Ìyẹ̀fun funfun kan ni ẹ rí, àmọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà lára ọ̀kan ló wà lára èkejì, bí ẹni àti òjìji rẹ̀ nínú dígí. Èyí òsì ló ń pa aràn. Èyí ọ̀tún ò pa aràn kankan, ẹran ló ń yọ lẹ́nu."

"Òsì ló ń ṣiṣẹ́?"

"Òsì ni."

"Dókítà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fáráyé o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni.

Bí wọ́n ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ nìyí, kí ẹ má baà sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Ọ̀pá gíláàsì kan wà níbẹ̀ tó ga ju ènìyàn lọ, inú rẹ̀ ò fẹ̀ ju ife omi lọ, ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ sì rí tóóró. Wọ́n á lọ òwú kúnná bí èlùbọ́, wọ́n á pò ó mọ́ sípíríìtì, wọ́n á dà á kún ọ̀pá náà. Wọ́n á wá da òògùn lé e lórí, wọ́n á máa ta sípíríìtì sí i díẹ̀díẹ̀ kó lè máa sọ̀ kalẹ̀. Dókítà ní fọ́nrán òwú, bó ti wù kó kéré tó, apá kan náà ni gbogbo rẹ̀ lọ́ sí, bíi bàtà tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Òògùn òsì á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á bá a mu, á dúró díẹ̀. Á tún sún síwájú, á tún bá bàtà mìíràn pàdé, á tún dúró. Òògùn ọ̀tún ò rí èyí tó bá a mu, torí náà kò rí ìdí tó fi máa dúró. Á kàn máa bá tirẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan ti fi èkejì sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìgò kan á gba ọ̀tún, wọ́n á pààrọ̀ ìgò, òmíràn á gba òsì.

Sikirat ló ń fọ ìgò níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Dókítà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń da òwú. Iṣẹ́ sùúrù ni, torí ẹ gbọ́dọ̀ dà á láì dánu dúró, láì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ̀ ọ́, òwú á sán láàrin, òògùn méjèèjì á sì bá ojú ibi tó sán yẹn sá lọ pọ̀, bí aláǹgbá tó bá ògiri tó lanu pàdé. Dókítà mọ̀ ọ́n dà. Ó bà jẹ́ mọ́ Sikirat lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó gún, àmọ́ nígbà tó gún, ó gún. Òsì ló fi ń dà á. Dókítà ò tiẹ̀ kíyè sí i. Àwọn tó kàwé ní Jámánì ò mọ ohun tí a máa ń ṣe hàà sí nílé.

Ẹni kẹta nínú ilé yẹn ni Olúdayọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ó ga, ó mọ́, ó sì ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Á bu òògùn tó kán sínú ìgò, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, á fojú sí ihò ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ òògùn ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ náà á yí sí ọ̀tún. Tó bá jẹ́ ti òsì, á yí sí òsì. Tí méjèèjì bá ṣì pò mọ́ra, kò ní yí síbì kankan. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ Sikirat dára nìyẹn.

Olúdayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra kẹrosíìnì lọ́wọ́ mi láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Yàrá kan ló gbà, fìtílà kan ló ní. Mo mọ̀ pé tí kì í bá ṣe pé ó ń mu ún, ohun mìíràn ló ń wá. Mo bi Sikirat, ó ní òun ò mọ̀. Mo ní, "Wò mí lójú." Kò wò mí. Inú mi dùn débi pé mo bu kẹrosíìnì ọkùnrin náà kún ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó fẹ́ràn ọmọ náà, òótọ́ ni mo sọ. Ó rí ọwọ́ òsì rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì dá a dúró. Ìyá rẹ̀ ló kù.

Ojúọlá ni orúkọ ìyá náà. Kò sí ìlú tí kò ti ta aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà títí dé ẹ̀yìn Ìkìrun, kí orúnkún tó dá a jókòó sílé. Ewúrẹ́ ló wá ń sìn. Orúkọ ìlú tó ti tajà ló sọ wọ́n: ọ̀kan ń jẹ́ Ìkìrun, ọ̀kan ń jẹ́ Ìrágbìjí, òbúkọ wọn ń jẹ́ Ẹdẹ. Ó fẹ́ràn wọn ju bí mo ti rí i kí àwọn kan fẹ́ràn ọmọ lọ. Lọ́dún kan aràn bò wọ́n, wọ́n rù kan egungun. Oníkiri kan ta òògùn fún un, àdàpọ̀ òsì àti ọ̀tún ni, ó sì rọ ọ́ fún wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, wọ́n ń gbọ̀n, àwọn mìíràn kú.

Olúdayọ̀ bẹ Dókítà, Dókítà sì fún un ní òògùn òsì nìkan. Olúdayọ̀ gbọ́n. Kò sọ pé òsì ni. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òògùn ọwọ́ àlàáfíà ni, bí àwọn àgbà ṣe ń fi ọgbọ́n dárúkọ ọwọ́ yẹn. Ìyá náà ní àmín. Ewúrẹ́ mu ún, aràn jáde, ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwo kan àwọn aládùúgbò.

Inú Ojúọlá dùn, ó ní òun á wá dúpẹ́, òun á sì wá wo ọmọ tí Olúdayọ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Pé Mùsùlùmí ni wá ò dùn ún rárá. Ó ní ilé àwọn tó ń kírun lòun ti ta aṣọ jù, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́. Oṣù kẹrin ọdún 1972 ló wá, oṣù yẹn gan-an tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò tó ń gba apá òsì títì bọ́ sí ọ̀tún. Awakọ̀ rẹ̀ gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù ṣì wà lára ìyá náà nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Igbóná, tòun ti iṣu àti epo.

Sikirat sáré jáde, ó kúnlẹ̀, ó na ìgò òògùn tuntun sí i. Òsì ló fi nà á. Ayọ̀ ló fà á. Ènìyàn kì í rántí ọwọ́ nígbà tí inú rẹ̀ bá ń dùn.

Ojúọlá ò gbà á. "Ọmọ, ọwọ́ wo rè é?"

"Ẹ má bínú, mà." Sikirat gbé ìgò sí ọ̀tún. Ìgò yọ̀ bọ́ níbẹ̀, Olúdayọ̀ ló hán an.

"Ṣé nǹkan ń ṣe ọ̀tún ẹ ni?"

"Rárá, mà. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn."

Dókítà yọrí lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti súwẹ́tà. Ó rò pé òun á tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dùn yín. Òògùn tó wo ewúrẹ́ yín sàn, òsì ni òun náà." Olúdayọ̀ di ojú rẹ̀.

Ojúọlá yíjú sí i. Ó ní, "Dókítà, ewúrẹ́ mi ò mọ ọ̀tún mọ òsì. Èmi mọ̀ ọ́n."

Mo gbọ́ ọ láti ìsọ̀ mi. Mo ju agolo sílẹ̀, mo sọdá títì láì wo ibì kankan. Lóṣù yẹn, kò kúkú sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ wò. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Kó máa fi wẹ̀ ẹ́. Kó má fi gbé oúnjẹ wá fún mi. Ìjọba pàápàá ti kó gbogbo mọ́tò kúrò lósì. Ṣé èmi ni n ó wá kó o wọ ulé mi?" Báyìí ni Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé. Kò pariwo o, ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó bá pariwo, ènìyàn á rí i bú.

Kò kọ ọmọ náà pátápátá. Ó fún un ní àyè kan. Ó ní tí iṣu tuntun bá jáde, òun á tún padà wá, tóun bá sì rí i pé Sikirat ń fi ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan, òun á gbé e níyàwó fún ọmọ òun, òun á sì jó. Olúdayọ̀ bẹ Sikirat nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà níwájú mi. "Gbìyànjú ẹ̀, jọ̀ọ́. Tìtorí tèmi." Ojú rẹ̀ pọ́n. Sikirat ní òun á gbìyànjú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ náà fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ó fi ọ̀tún jẹun, ìrẹsì dà sílẹ̀ ju èyí tó wọ ẹnu lọ, adìẹ ilé wa sanra. Ó fi ọ̀tún gbálẹ̀, pàǹtí kàn ń lọ ó ń bọ̀ ni. Ó fi ọ̀tún pọn omi, ó wẹ ara rẹ̀ kó tó délé. Mo bínú títí, mo ní, "Sikirat, o ò ní fi ìyà jẹ ara ẹ kú?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ." Mo gbá ìrẹsì tó dà sílẹ̀ jọ fún adìẹ.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ilé wa nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Ìyá Olúdayọ̀ ní kó fi ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan, ó sì gbà pé gbogbo nǹkan ni. Ó ní tóun bá ń fi òsì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Dókítà, òsì náà á tẹ̀lé òun wálé. Ó fi ọ̀tún da òwú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òwú sán. Níta, ọ̀pá náà dára lójú. Inú ló ti sán. Wọ́n da òògùn sí i, wọ́n ta sípíríìtì sí i, ó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ìgò bí wọ́n ti máa ń ṣe. Olúdayọ̀ bu ti òsì, ó fojú sí ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ ò yí. Ó nu gíláàsì, ó tún wò ó. Kò yí. Ó bu ti ọ̀tún. Ìyẹn náà ò yí. Gbogbo ìrìn tí òògùn náà rìn, bó ṣe wọlé náà ló ṣe jáde.

Dókítà pè wọ́n. Ó bi Sikirat pé kí ló yí padà. Sikirat ò lè purọ́, ó ní ọ̀tún lòun fi dà á. Dókítà bi í pé kí ló dé. Ó ní tìtorí ìyá Bùrọ̀dá Dayọ̀ ni.

Dókítà wo ọ̀pá gíláàsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Mi ò rí ìyá náà nínú ibí o," ó ní.

Òògùn náà ò ṣòfò, wọ́n kàn máa tún gbogbo iṣẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni: wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ sípíríìtì kúrò lára òògùn, wọ́n á lọ òwú tuntun kúnná, ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn kí wọ́n tó lè da òwú. Àmọ́ òjò ti ń rọ̀, ìgbà òjò sì ni aràn ń ráyè jù. Ojúọlá ránṣẹ́ wá gba òògùn, wọ́n ní kò tíì sí. Ó tún ránṣẹ́. Ìgbà tí Ìkìrun, ewúrẹ́ rẹ̀, dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, ìyá náà ò ránṣẹ́ mọ́, ó wá fúnra rẹ̀. Iṣu tuntun ò tíì jáde. Ó wọlé tààrà, èmi náà sì tẹ̀lé e, torí mi ò lè jókòó níta kí n máa fojú inú wò ó.

"Dókítà, òògùn mi dà?"

Dókítà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní, "Màmá, ọmọ yìí fi ọ̀tún da òwú. Òògùn méjèèjì jọ sá jáde pọ̀."

"Kí ló dé tó fi ọ̀tún dà á, nígbà tó mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n?"

Sikirat kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan, mà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n mí. Ojúọlá jókòó sórí àpótí. Ó jẹ́ ẹni tó mọ ọjà, ó sì mọ ìgbà tí ọjà bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ó tọ́ka sí ọ̀pá gíláàsì náà.

"Fi ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n dà á."

"Òsì nìyẹn, mà."

"Mo mọ orúkọ ẹ̀."

Ọmọ náà ò dìde. Ó gbójú sókè. "Ṣé fún ewúrẹ́ nìkan ni, mà?"

Mo wo Olúdayọ̀. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ nǹkan kan, ohun yòówù kó jẹ́, kó tiẹ̀ wúkọ́. Olúdayọ̀ ń wo ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì sí òògùn kankan nínú rẹ̀.

"Fún ewúrẹ́ nìkan," ni Ojúọlá wí.

Sikirat dìde, ó pò òwú mọ́ sípíríìtì, ó gun orí àga, ó fi òsì dà á. Wàláhì, mi ò rí ohun tó lọ geere bẹ́ẹ̀ rí. Ojúọlá náà ń wò ó. Mo rí i pé ó ń wò ó, mo sì rí i pé ó dára lójú rẹ̀, torí ẹni tó ti ń na aṣọ láti kékeré mọ ọwọ́ tó já fáfá. Ó lọ sùn lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ nígboro títí òògùn fi kán tán. Olúdayọ̀ fojú sí ẹ̀rọ, ó ní ìmọ́lẹ̀ yí sí òsì, bó ṣe yẹ.

Sikirat gbé ìgò náà sórí tábìlì. Kò fi ọwọ́ kankan fún ìyá náà. Ojúọlá mú un, ó dúpẹ́, ó jáde lọ dúró de mọ́tò.

Olúdayọ̀ ní, "Sikirat, ṣe sùúrù fún Màmá. Àgbà ni wọ́n. Iṣu tuntun ò tíì jáde."

Sikirat ní, "Bùrọ̀dá Dayọ̀, mi ò lè máa fi òsì wo ewúrẹ́ sàn lọ́dọ̀ yín, kí n tún máa fi ọ̀tún tọrọ àánú nílé yín. Ọwọ́ méjì ni mo ní, ọ̀kan ló mọ iṣẹ́. Òun náà ni n ó gbé lọ sílé ọkọ. Tí ilé yín ò bá gbà á, ẹ sọ fún mi báyìí."

Olúdayọ̀ wo ọmọ náà, ó wo ojú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ pè é láti ìta pé kó wá bá òun gbé apẹ̀rẹ̀. Ó lọ bá a gbé apẹ̀rẹ̀.

Mo bú u. Mo bú u dé ibi tí mọ́tò ti gbé wọn, mo sì ń bú u nìṣó lẹ́yìn tí mọ́tò ti lọ. Ọkùnrin tó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń yí sí, kò mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ á yí sí! Nígbà tí mo padà wọlé, Sikirat ń fọ ìgò. Mo ní kó sunkún, pé kò burú. Ó ní òun ti sunkún sẹ́yìn, nígbà tóun ń fi ọ̀tún jẹ ìrẹsì.

Olúdayọ̀ fi iṣẹ́ Dókítà sílẹ̀ láìpẹ́, ó ríṣẹ́ sí Iléṣà. Sikirat ń bá iṣẹ́ lọ. Mọ́ṣúdù káfíńtà tó ṣe pákó ìgbéǹǹkansí fún Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, Sikirat ń bá a kan ìṣó, ó sì rí i pé òòlù ọmọ náà ò tàsé, kò sì béèrè pé ọwọ́ wo. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọdún tí wọ́n sọ pọ́n-ùn di náírà, nígbà tí ọmọbìnrin kan dúró níwájú ìsọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ga bí ọ̀pẹ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi ọ̀tún tọ́ka sí òdìkejì, ó ní ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta òògùn ewúrẹ́. Ó ní Bánkẹ́ ni orúkọ òun, ìyàwó Olúdayọ̀ ni òun, Màmá ló rán òun wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Mo fẹ́ ṣì í lọ́nà. Ẹ̀mí Èṣù kan sọ fún mi pé kí n júwe ọ̀nà Ẹdẹ fún un. Àmọ́ Sikirat ti rí i tó ń tọ́ka síbẹ̀, ó ti ń sọdá bọ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Kò pààrọ̀ ọwọ́. Ó fi òsì na òògùn sí ìyàwó Olúdayọ̀.

Bánkẹ́ wo ọwọ́ náà pẹ́. Ó gba ìgò. Ó ní, "Ẹ̀yin ni Àǹtí Sikirat?"

"Èmi ni."

Omi ti gba ojú rẹ̀ kan. "Àǹtí, ọ̀tún ni mo fi ń se oúnjẹ o. Ọ̀tún ni mo fi ń gbé e, mà á kúnlẹ̀, mà á fi ọ̀tún gbé e síwájú wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, Màmá ò tíì fi ẹnu kan oúnjẹ mi."

"Kí ni wọ́n ní o ṣe?"

"Wọ́n ní mo ga jù."

Sikirat wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"O ga lóòótọ́," ó ní, ó sì fa àpótí mi fún un kó jókòó.